Fíùsì Tí Kò Já Rí

Bí àlejò bá wọ ilé Radosav, kó tó jókòó, kí wọ́n tó gbé kọfí fún un, Radosav á ti fà á lọ síwájú àpótí fíùsì tó wà lára ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. "Wò ó dáadáa," ni yóò wí. "Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Kò já rí, kódà lẹ́ẹ̀kan." Ẹlòmíràn á fi ẹṣin yangàn, ẹlòmíràn á fi ọmọ tó kàwé yangàn. Ti Radosav, fíùsì ni. Lọ́dún tí àrá sán lu ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì, fíùsì gbogbo abúlé ló já pátá, ti Radosav dúró gbọin, ó sì fi odindi oṣù kan sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá létí.

Ẹni tó ṣe àpótí náà ni Tihomir, kum rẹ̀. Tihomir ló ṣe ẹlẹ́rìí níbi ìgbéyàwó òun àti Milunka, òun náà ló gbé Gordana, ọmọ wọn kan ṣoṣo, dání níbi ìrìbọmi. Ní abúlé yẹn, o lè bá ọmọ ìyá rẹ jà nítorí ilẹ̀, o lè pe àlùfáà lẹ́jọ́ pàápàá, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í wí fún kum rẹ̀ pé rárá. Bí kum bá ní o ó mu, o ó mu. Bí ìwọ bá ti ní Ljubica lọ́kàn láti sọ ọmọ rẹ, tí kum bá ti lanu pe Gordana níwájú àlùfáà, Gordana náà ni. Tihomir sì ti ṣiṣẹ́ ọdún mọ́kànlélógún ní ilé-iṣẹ́ bíríkì, níbi tó ti ń pààrọ̀ gílóòbù, nítorí náà òun ni ọ̀gá iná mànàmáná fún gbogbo àdúgbò.

Ìgbà tí ẹ̀rọ amúlégbóná dé ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ.

Gordana ló fi í ránṣẹ́ láti ìlú Graz nílẹ̀ òkèèrè, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àpótí irin funfun ni, ó ga dé àyà Radosav, ó ní fáànù ńlá níwájú. Ìta ló máa ń wà. Bó ti wù kí òtútù mú tó, á máa fa ìwọ̀nba ooru tó kù nínú atẹ́gùn, á sì fi omi gbígbóná gbé e wọlé. Àwọn oníṣẹ́ omi ti so páìpù rẹ̀ tán, iná nìkan ló kù. Kò ní lo igi, kò ní lo èédú, kò sì ní rú èéfín, èéfín gan-an sì ni gbogbo wàhálà. Ó ti tó ọdún méjì tí Milunka ti ń wúkọ́. Dókítà ní ìlú Valjevo fi àwòrán ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ hàn wọ́n, ó ní ààrò onígi tó wà láàárín ilé wọn ló ń pa á díẹ̀díẹ̀. Gordana wá sọ ọ́ lórí fóònù, kò fepo bọyọ̀.

"Bàbá, tí ilé yẹn ò bá móoru láìsí èéfín kó tó di ọjọ́ Nikola Mímọ́, màá wá mú Màmá lọ sọ́dọ̀ mi. Kì í ṣe àbẹ̀wò o. Wọ́n ń lọ nìyẹn."

Radosav ṣe bí ọkùnrin, ó ní kò burú. Ẹ̀rù bà á dénú eegun. Kò mọ ibi tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ń gbé. Kò mọ ìgbà tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí ẹ̀wà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò mọ bí ènìyàn ṣe ń jí nínú ilé tí Milunka kò sí, torí kò jí nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ rí láti ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ó fẹ́ràn obìnrin náà gidigidi. Kò kàn sọ ọ́ fún un rí ni, ó rò pé ó mọ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjọ́ Nikola Mímọ́, àjọ̀dún oṣù Kejìlá, pé, ní ọjọ́ Ajé, oníṣẹ́ iná tí Gordana fi fóònù bẹ̀ dé láti Valjevo. Obìnrin ni, Vidosava lorúkọ rẹ̀, ó tó ẹni ogójì ọdún, ó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù, ó so tọ́ọ̀ṣì mọ́ iwájú orí. Radosav wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá òun yóò rí ẹlòmíràn.

"Ọ̀gá rẹ dà, ọmọ mi?"

"Èmi náà ni, Bàbá. Tó bá jẹ́ ọkùnrin lẹ fẹ́, mo ní ẹ̀gbọ́n kan, ẹran ló ń tà."

Milunka tó ń to ata sínú ìgò rẹ́rìn-ín, ó gbé kọfí fún Vidosava. Àmọ́ kó tó fẹnu kàn án, Radosav ti fà á dé ìdí àpótí fíùsì. Ó ṣí i bí ẹni tó ń ṣí àpótí ohun mímọ́. Vidosava yọ fíùsì kan, tánganran funfun, ó yí i lọ yí i bọ̀. Wọ́n ti fi wáyà tó nípọn bí abẹ́rẹ́ ìhunṣọ wé e láti orí dé ìdí. Ó yọ ìkejì. Bákan náà. Nígbà tó yọ ìkẹta, ìṣó ló bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Kum mi ni," ni Radosav wí, àyà rẹ̀ yọ síta. "Kò já rí."

"Báwo ló ṣe fẹ́ já? Ìṣó ni, Bàbá. Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ fíùsì? Kó já niṣẹ́ ẹ̀. Tí iná bá pọ̀ ju èyí tí wáyà lè gbé lọ, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ kú kí ilé má bàa jó. Ẹ wá ń fi fíùsì tí kò já rí yangàn. Ajá tí kò gbó rí, ṣebí olè nìkan ló ń yìn ín."

Milunka rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó wúkọ́ pẹ́. Radosav náà ti fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n bó ṣe rí èjìká rẹ̀ tó ń gbọ̀n, ìbínú náà parẹ́.

Vidosava fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ẹ̀rọ yìí jẹ́ ńlá, kò lè bá ààrò oníná àti fìríìjì pín wáyà. Láti ìdí mítà ni wáyà tirẹ̀ yóò ti wá, yóò sì ní bírékà tirẹ̀. Bírékà kejì yóò wà tó máa gé iná kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, tí iná bá ṣìnà lọ sí ara irin. Àti pé irin ni gbogbo ara ẹ̀rọ náà, nínú òjò àti yìnyín ló sì máa wà, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní wáyà tó so ó mọ́ ilẹ̀ gidi, kí iná tó bá ṣìnà lè rí ilẹ̀ lọ dípò kó gba ara ènìyàn.

"Wáyà ilẹ̀ yín dà?"

"Ó wà nísàlẹ̀. Kum mi so ó mọ́ páìpù omi. Irin ni, inú ilẹ̀ ló sì gbà lọ."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilé, láàárín àgbá kábéèjì kíkan. Wáyà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n dè é mọ́ páìpù. Vidosava fi tọ́ọ̀ṣì tọ páìpù náà dé ìdí ògiri. Ó dúró, ó fi ìka kàn án. Láti ibẹ̀ lọ, ó dúdú, ó ń dán.

"Ọdún wo lẹ pààrọ̀ páìpù omi?"

"Ọdún ẹgbàá ó lé mẹ́ta. Gbogbo abúlé ló dáwó ẹ̀."

"Rọ́bà lẹ dáwó rà. Iná kì í gba inú rọ́bà kọjá. Ilé yìí ò ní wáyà ilẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà, Bàbá." Ó gbójú sókè sí Milunka tó dúró lórí àtẹ̀gùn. "Ìyá, ṣé ohun kankan wà tó máa ń gbé yín nínú ilé yìí?"

"Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni," ni Milunka wí, bí ẹni ń sọ àkókò tí bọ́ọ̀sì ń kọjá. "Lọ́jọ́ Sátidé. Tí mo bá ti wọ bàtà òjò, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé mi."

Radosav dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Ogún ọdún ó lé ló ti ń rí bàtà òjò yẹn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó rò pé ilẹ̀ ló ń tutù. Ó wá rántí. Milunka ti sọ fún un nígbà kan. Òun náà lọ sọ fún Tihomir, Tihomir sì ní iná mànàmáná máa ń pọ̀ lára obìnrin, kó máa wọ bàtà, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí ọtí fi dà sílẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ̀rín yẹn ló ń gbọ́ létí báyìí nínú yàrá abẹ́ ilé, ojú tì í débi pé kò lè wo òkè àtẹ̀gùn.

"Àpótí yẹn gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀," ni Vidosava wí. "Màá padà wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Tí kò bá ní bọ́ sílẹ̀, mi ò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ o, mi ò sì ní fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tí Gordana ń retí."

"Ṣé gbogbo ẹ̀ náà ni?"

"Gbogbo ẹ̀. Tìṣó tìṣó."

"Àfi kí n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ kum."

Milunka wò ó. Ó yí padà, ó gun àtẹ̀gùn lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Radosav lọ bá Tihomir. Tihomir sanra, irun òkè ètè rẹ̀ funfun, ó sì jókòó ti ọtí rakija ọdún náà, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èso pílọ́ọ̀mù pọn. Radosav ti pinnu pé òun yóò mu ife kan, òun yóò sì sọ̀rọ̀. Ìgboyà kò dé ní ife kìíní, kò dé ní ìkejì. Ó dé ní ìkẹta, ṣùgbọ́n Tihomir ló ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, nígbà tí ìkẹrin fi máa wọlé, ìgboyà ti kọjá lọ.

"Mo gbọ́ pé obìnrin kan wá láti ìlú wá tú àpótí mi."

"Kò tú u, Kum. Ó kàn wò ó ni."

"Kí ló wí?"

"Ó ní… ó ní òun ò rí irú ẹ̀ rí."

"Mo mọ̀!" Tihomir gbá itan rẹ̀. "Wọn ò lè rí irú ẹ̀! Kí ni ẹ̀rọ ọ̀hún gan-an? Ṣé kì í ṣe fáànù ni? Mélòó ni mo so ní ilé-iṣẹ́ bíríkì! Èmi ni màá wá so ó fún ọ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Àbí o rò pé kum jẹ́ bọ́tìnnì tí wọ́n ń já sọnù?"

Gbogbo ohun tó wà nínú Radosav ní kó sọ pé rárá. Ẹnu rẹ̀ ní, "Ẹ ṣeun, Kum."

Ó bú ara rẹ̀ lójú ọ̀nà títí ó fi délé. Ó sọ fún Milunka pé kum ló máa so ẹ̀rọ náà. Milunka ní, "Ó dáa," ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Radosav ì bá pe Vidosava kó má ṣe wá, ṣùgbọ́n kò ní ìgboyà ìyẹn náà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló ń bọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀.

Tihomir ló kọ́kọ́ dé, ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, ó gbé wáyà tó kó kúrò ní ilé-iṣẹ́ bíríkì kọ́ èjìká. Ó na wáyà náà gba ojú fèrèsé, ó wọ ilé ìdáná, ó so ó mọ́ wáyà tó ń lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ààrò oníná.

"Kum," ni Radosav wí jẹ́jẹ́, "obìnrin yẹn ní kó ní wáyà tiẹ̀."

"Wáyà tiẹ̀! Ṣé ọmọ ọba ni?" Tihomir nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Tan iná."

Radosav tan án. Fáànù náà yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn wọ́ọ́ọ́, ewé gbígbẹ fò káàkiri àgbàlá, àwọn adìyẹ sá. Tihomir ya àmì àgbélébùú sí àyà, ó fi ẹnu ko Radosav lẹ́rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. "Ṣé o rí i?" ló ń pariwo. "Ṣé o rí i?" Radosav alára bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá Ọlọ́run ti ṣàánú òun. Bí ọkọ̀ Vidosava ṣe gba ẹnu géètì wọlé nìyẹn. Obìnrin náà kò kí ẹnikẹ́ni. Ó tọ wáyà náà wò láti ìdí ẹ̀rọ títí dé ojú fèrèsé, ó sì lanu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn Milunka ló jáde láti ilé ìdáná.

"Radosav! Ògiri ń rú èéfín o!"

Fíùsì Tihomir ti ṣe bó ti ń ṣe láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Kò já. Wáyà inú ògiri ló ń gbóná dípò rẹ̀. Ọ̀dà ògiri wú, ó pọ́n, ó dúdú, èéfín sì ń yọ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń run bíi rọ́bà jíjó. Ẹ̀rọ tí wọ́n rà láti fi lé èéfín ti mú èéfín tirẹ̀ wọlé. Vidosava sáré dé ìdí mítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó gé gbogbo iná ilé náà. Fáànù dákẹ́. Radosav fa ìyàwó rẹ̀ jáde, ó gbé e jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Milunka wúkọ́ bí ẹni pé àyà rẹ̀ fẹ́ ya, ó di apá ọkọ rẹ̀ mú, èékánná rẹ̀ wọ inú aṣọ.

"Kò séwu," ni Tihomir wí lẹ́yìn wọn. "Ọ̀dà ló ń gbẹ. Wáyà inú ògiri yẹn ló tín-ín-rín díẹ̀. Mo ní èyí tó nípọn nílé, ẹ jẹ́ n wo fíùsì yẹn ná, màá sáré lọ mú un wá, a ó tún tan án." Ó sì ti ń lọ sídìí àpótí.

"Rárá, Kum."

Tihomir dúró. "Kí lo wí?"

"Mo ní rárá." Ohùn Radosav ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ogún ọdún ó lé ni ìyàwó mi ti fi ń wọ bàtà òjò fọṣọ nítorí iṣẹ́ ọwọ́ yín, èmi àti ẹ̀yin jókòó, à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àpótí yẹn ń bọ́ sílẹ̀ lónìí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú."

Tihomir wò ó, ó wo Vidosava, ó wo Milunka. Ó gbé fìlà rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó dé e, ó sì gba ọ̀nà géètì lọ. Nígbà tó dé géètì, ó dúró. Kò sẹ́ni tó ti wí fún un pé rárá rí láyé rẹ̀, kò wá mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìbínú rìn délé. Ó di irin géètì mú, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó fẹ́ òróró, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lo ìdajì wákàtí. Vidosava sì ń tú àpótí nínú ilé, ìṣó ń ró lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ni Tihomir ń gbọ́.

Níkẹyìn obìnrin náà jáde, ó mú ọ̀pá irin gígùn kan lọ́wọ́ kan, ó mú òòlù ńlá lọ́wọ́ kejì. "Mo fẹ́ rí ọ̀pá yìí mọ́lẹ̀ kí n so wáyà ilẹ̀ mọ́ ọn," ló wí. "Ibo ni ilẹ̀ ti máa ń tutù nínú ọgbà yìí, kódà lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn?"

Kí Radosav tó ronú, ohùn kan dáhùn láti ẹnu géètì.

"Ẹ̀yìn ilé ẹlẹ́dẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń yọ̀ ṣubú tí mo bá ń lọ sílé."

Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì là ń fi fà á mọ́ra, Vidosava sì mọ̀ pé àgbà pàápàá ń di ọmọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó na òòlù sí i. Tihomir bọ́ kóòtù. Ó lu ọ̀pá náà bí ẹni tó ń lu ọ̀tá rẹ̀, ó ń làágùn, ó ń bú ọ̀pá, ó ń bú ilẹ̀, ó ń bú àwọn tó ń ṣe páìpù rọ́bà, títí ọ̀pá fi wọlẹ̀ tán. Vidosava so wáyà mọ́ ọn, ó fi ẹ̀rọ ìdíwọ̀n wò ó.

"Báwo?" ni Tihomir béèrè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ilẹ̀ dáadáa ni, Bàbá."

Tihomir mi orí, bí ẹni pé òun ló dá ilẹ̀.

Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, àpótí tuntun ti wà lára ògiri, àwọn bírékà tò sínú rẹ̀ funfun báláú. Wáyà ilé ìdáná tó jóná yóò wà láìníná títí Vidosava yóò fi padà wá fa tuntun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúlégbóná ti ní wáyà tirẹ̀, ẹ̀rọ ìfọṣọ náà ti ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun. Vidosava fi ìka tẹ bọ́tìnnì ìdánwò kékeré kan lára bírékà tó ń gé iná tó bá ṣìnà, ó dún tá! iná lọ.

Tihomir fò sẹ́yìn. "Ó ti bàjẹ́!"

"Ó ń ṣiṣẹ́ ni. Ẹ gbọ́dọ̀ máa dán an wò báyìí lẹ́ẹ̀kan lóṣù."

Tihomir sún mọ́ ọn, ó tẹ̀ ẹ́. Tá! Ó gbé e padà, ó tún tẹ̀ ẹ́. Tá! Inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé. Ó tẹ̀ ẹ́ tó ìgbà mẹ́jọ kí Vidosava tó wò ó. "Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni mo wí, Bàbá. Mi ò ní lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú." Ó fọwọ́ sí ìwé, ó lu òǹtẹ̀, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀. Tihomir ló bá a gbé òòlù dé ìdí ọkọ̀, ó ń bi í ní iye tí wọ́n ń ta irú bírékà bẹ́ẹ̀ ní Valjevo.

Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í móoru díẹ̀díẹ̀. Ààrò onígi tutù, kò sí èéfín níbì kankan. Radosav di ìwé náà mú, ó sáré wọ yàrá bí ọmọ ilé-ìwé tó gba ipò kìíní. "Milunka! Wá ká pe Gordana! Sọ fún un pé kó má wá mọ́!"

Milunka jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Báàgì ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti dì í tán. Àwọn oògùn rẹ̀ wà lókè, nínú ọ̀rá.

"Kí lèyí? Ilé ti móoru. Gordana ló ní tí ilé bá ti móoru…"

"Gordana kọ́," ni Milunka wí. "Èmi ni mo ní kó wí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá mú mi."

"Nítorí èéfín?"

"Èéfín! Inú èéfín ni wọ́n bí mi sí." Ó fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ ìbora, kò wo ojú rẹ̀. "Mo rò ó títí, Radosav. Mo ní tí mo bá kú sínú ilé yìí, ọ̀dọ̀ kum lo máa kọ́kọ́ lọ, láti béèrè bóyá mo kú lóòótọ́."

Radosav jókòó síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ìwé Vidosava ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"O ṣì ń lọ nìyẹn?"

"Lónìí, o ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni," ni Milunka wí. Ó ṣí báàgì náà, ó fa aṣọ òtútù rẹ̀ tó nípọn jù lọ yọ, ó sì nà án sí i kó bá òun gbé e padà kọ́ síbi tó ń wà. Radosav gbà á, ó gbá a mọ́ àyà, ó sì bú sẹ́kún.